Ọdún Tí Bàámi Ra Táyà Yìnyín

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa ní Ìkìrun nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mọ́tò ni. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, Bàbá Kàfáyà, aládùúgbò wa, á jáde sídìí Ìjàpá wọn, mọ́tò kékeré elẹ́yìn roboto yẹn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Wọ́n á ṣíná sí i, á sì máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Bàámi tí wọ́n ṣì ń darí àdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́ nínú pálọ̀ á yára ṣe àmín, wọ́n á sáré jáde lọ ṣíná sí mọ́tò Pijó 504 tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mọ́tò Tíṣà ni kò tètè jí. Màámi á wo ẹ̀yìn wọn títí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àdúrà ọjọ́ yẹn ò tí ì kọjá òrùlé tí wọ́n fi já a jù sílẹ̀. Àwa ọmọ á máa fi aṣọ ìbora bo ẹ̀rín mọ́nú. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí mọ́tò ńlá kan ń kùn láàárọ̀ kùtù, ẹnu mi á kọ́kọ́ ṣe àmín ná kí n tó rántí pé mi ò gbàdúrà kankan.

Ilé méjì tó kọjú síra ló wà nínú àgbàlá náà, igi máńgòrò kan wà láàárín. Bàámi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìnísà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Tíṣà. Bàbá Kàfáyà fi bí ọdún mẹ́wàá ju bàámi lọ. Kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Òkukù àti àwọn abà agbègbè rẹ̀, òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ẹrù sì wà ní kíkọ́ sórí ẹ̀ka máńgòrò yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé Òkukù lánàá? Ta ló sá fún ta lójú títì Ìnísà? Bàbá Kàfáyà á ní Ìjàpá àwọn fúyẹ́, kì í mu epo lámujù, ẹrù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń tì í lọ, nítorí náà kò sí òkè tí kò lè gùn. Bàámi á fèsì pé ohun tó bá fúyẹ́ ni atẹ́gùn ń gbé, pé 504 tàwọn jókòó sórí títì bí àgbà ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná tán, wọ́n á tú táyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n wọn jáàkì, wọ́n wọn bátìrì. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọn èmi àti Kàfáyà, kí wọ́n lè mọ bí mọ́tò tó kún fún ọmọ ṣe máa wúwo tó, àbúrò mi Délé sì sunkún títí wọ́n fi wọn òun náà. Màámi máa ń sọ pé orogún kan ṣoṣo ni àwọn ní, pé ìta ló ń sùn, ó sì ní táyà mẹ́rin.

Àwàdà lèyí jẹ́ títí di ọdún tí ìyá àgbà wa ṣubú. Ìyá màámi ni wọ́n, Màmá Ìgbàyè là ń pè wọ́n, nítorí pé abà kan lẹ́yìn Ìgbàyè ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló yọ̀ wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, orúnkún wọn sì wú. Kò pẹ́ sí i ni a gbọ́ pé ògiri ẹ̀yìn ilé wọn ti lanu. Màámi ò lè jẹun tán mọ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lóru, a óò gbọ́ tí wọ́n ń rìn nínú pálọ̀, wọ́n á ní, "Ó ń rọ̀ lọ́hùn-ún báyìí." Bàámi ránṣẹ́ sí Màmá Ìgbàyè pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, pé yàrá ti wà. Àwọn géńdé abà ní àwọn á fi alùpùpù gbé wọn dé títì, Màmá kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán ẹni tó gbé èkùrọ́ wá sórí òṣùwọ̀n Bàbá Kàfáyà ni pé, "Ẹ sọ fún wọn ní Ìkìrun pé ọjọ́ tí Tíṣà bá dé ẹnu ọ̀nà mi, ọjọ́ náà ni màá bá a lọ."

Bàámi yí ojú sí Bàbá Kàfáyà, Bàbá Kàfáyà náà yí ojú sí bàámi. Mo rí i pé inú àwọn méjèèjì dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àìsàn là ń sọ. Ẹnu ọ̀nà! Títì ọlọ́dà dára dáadáa láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù, ọ̀nà Ìgbàyè náà kò burú, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ wọ abà, ẹrọ̀fọ̀ pupa ni, àbàtà kan sì wà lọ́nà tó máa ń gbé mọ́tò mì dé ikùn nígbà òjò. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi igi ya ọ̀nà náà sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ya òkè, wọ́n ya àbàtà. Màámi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìyá mi ni ẹ ń yà sílẹ̀ yẹn o." Àwọn méjèèjì tọrọ gáfárà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, 504 wa ló lọ. Èmi àti bàámi ni. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí a fi dé àbàtà yẹn, lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan náà, tó ń da ẹrọ̀fọ̀ sí mi lára láti ojú fèrèsé. Ibi tí a dúró sí ọ̀hún, a ń rí òrùlé páànù ilé Màmá láàárín igi ọ̀pẹ. Bí ènìyàn bá pariwo wọ́n á gbọ́. Bàámi bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n bọ́ sídìí táyà wọ́n ń wa ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí n mú búrẹ́dì àti òróró ìpara lọ fún Màmá, kí n sọ pé àwọn ń bọ̀. Mo fẹsẹ̀ la ẹ̀gbẹ́ àbàtà kọjá, kò ju kí n rì dé kókósẹ̀ lọ. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, wọ́n wé gèlè funfun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bọ́lá, bàbá rẹ ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà nídìí mọ́tò. Màmá na ọrùn wo ọ̀nà, wọ́n ní, "Ó dáa." Nígbà tí mo wọlé lọ gbé omi, mo rí ẹrù kan ní dídì ní kọ̀rọ̀ yàrá, okùn wà lára rẹ̀ yí ká. Mo rò pé ẹrù ọjà ni. Kí n tó padà, àwọn ará abà ti bá bàámi ti mọ́tò jáde sẹ́yìn, ó sì di ilé.

Bàbá Kàfáyà gba Sátidé kejì. Wọ́n fi bàámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí bàámi ṣe sọ ọ́ nìyí, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀ tó pọ̀ jù fún ẹni tí kò rí ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé wá: Ìjàpá gun òkè bí ewúrẹ́, ó já wọ àbàtà tìgboyàtìgboyà, ó fi ikùn lé ẹrọ̀fọ̀, ó sì jókòó. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kan nǹkan kan mọ́. Ọ̀dọ̀ oníkòkó kan ní Ìgbàyè ni wọ́n sùn. Bàbá Kàfáyà ní kì í ṣe ẹjọ́ Ìjàpá, pé táyà ló ti jẹ tán. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ táyà.

Oníṣòwò kan wà ní Òkukù nígbà yẹn tó ń ta táyà tòkunbọ̀, tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òyìnbó kí wọ́n tó kó o wá. Bàámi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí iléèwé parí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì gbé méjì bọ̀ tí irú rẹ̀ kò wọ àgbàlá wa rí. Eyín ara rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi fi wọ inú rẹ̀ dé oríkèé. Lẹ́tà M àti S wà lára rọ́bà náà, bàámi sì pe gbogbo wa jọ bí ẹni wà ní kíláàsì. Wọ́n ní M dúró fún ẹrọ̀fọ̀ lédè òyìnbó, S sì dúró fún yìnyín. Wọ́n ní nígbà òtútù lọ́hùn-ún, òjò dídì ló ń bo títì bí òwú, táyà yìí ni wọ́n fi ń rìn lórí rẹ̀. "Ohun tó bá lè di yìnyín mú," ni bàámi wí, "kí ni ẹrọ̀fọ̀ Ìgbàyè fẹ́ fi ṣe é?" Bàbá Kàfáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà, ó sì tẹ̀ wọnú. Wọ́n ní, "Tíṣà, táyà yìí rọ̀ bí ẹ̀kọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọ̀dà bá gbóná, yóò jẹ ẹ́." Bàámi ní rárá, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni yóò gbádùn jù. Ṣé ọyẹ́ kò ní fẹ́ ni? Táyà tí wọ́n ṣe fún òtútù, bí ọyẹ́ bá dé, ilé rẹ̀ ló dé yẹn. Gbogbo wa mi orí pé òótọ́ ni. Èmi gan-an lọ sọ ọ́ níléèwé, kò sì sí tíṣà kan tó já mi nírọ́.

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pè mí láti ìlú olótùútù tó ń gbé. Ó ní òun ti pààrọ̀ táyà sí ti yìnyín, síbẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò òun ṣì ń yọ̀. Mo ní kó gbé nǹkan tó wúwo sí búùtù. Ó ní, "Màámi, ibo lẹ ti mọ̀ nípa yìnyín?" Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa yìnyín. Ọlọ Màmá Ìgbàyè ni mo mọ̀.

Ní Sátidé tí wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, tí oṣù ti di mẹ́ta gbáko láti ìgbà tí Màmá ti ránṣẹ́, bàámi ò fẹ́ ẹrù wúwo kankan nínú mọ́tò. Wọ́n tú búùtù, wọ́n kó jáàkì, sípànà àti táyà àfikún jáde. Wọ́n kò jẹ́ kí màámi gbé jọ́ọ̀gì omi wọnú mọ́tò. Èmi nìkan ni wọ́n gbà, nítorí òṣùwọ̀n ti fi hàn pé mi ò wúwo ju àpò ìyẹ̀fun lọ. Táyà yìnyín méjì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Bàbá Kàfáyà fi Ìjàpá tẹ̀lé wa dé Ìgbàyè, wọ́n sì fi Ìjàpá sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wa wọ abà. Kí n má purọ́, táyà náà ṣiṣẹ́. Ó já ẹrọ̀fọ̀ jẹ bí ẹni jẹ àkàrà. A la àbàtà kọjá, igi ọ̀pẹ ń yọ, àwọn ọmọdé abà ń sáré tẹ̀ lé wa, bàámi sì fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà Màmá bí ìgbà tí ọkọ̀ ìyàwó dé.

Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Bàámi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Màmá nawọ́ sí inú ilé pé kí n gbé ẹrù. Ẹrù tí mo rí lóṣù mélòó kan sẹ́yìn náà ni, okùn kan náà, aláǹtakùn sì ti ta òwú sí i lára. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá fojú bá mi wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí àwọn géńdé gbé ọlọ àwọn náà, ìyá ọlọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, bàámi bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní òkúta ni, ó wúwo jù, pé àwọn á padà wá gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá wọ mọ́tò, ojú wọn ò kúrò lára ọlọ náà. Nígbà tí a padà dé àbàtà, ilẹ̀ ti rọ̀ sí i nítorí pé a ti fi táyà pò ó. Ẹ̀yìn 504 bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ sọ́tùn-ún sósì, eyín táyà ti kún fún ẹrọ̀fọ̀, a sì dúró. Bàámi tẹ iná títí èéfín fi bo wá. Bàbá Kàfáyà yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Tíṣà, iwájú ni ẹrù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì ní nǹkan tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ gbé ọlọ ìyá yẹn wá."

Bàámi ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ohun mìíràn. Géńdé méjì gbé ọlọ wá sínú búùtù, wọ́n fi àpò èkùrọ́ méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí Bàbá Kàfáyà alára, tí kì í ṣe èèyàn tín-ín-rín, jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. 504 wólẹ̀, ó mí kanlẹ̀, táyà yìnyín kan ilẹ̀ gidi, a sì jáde. Láti ibẹ̀ dé Ìgbàyè, Bàbá Kàfáyà ò dákẹ́ lórí pé ẹrù lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni àwọn ti ń wí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé Ìjàpá lọ́gbọ́n ju iléèwé lọ. Màmá ń wo ojú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí ohùn tó ń jí wa ṣe yí padà nìyẹn. Kí mọ́tò tó kùn, a óò kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ ọlọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òkúta. Màmá á ti lọ ata, wọ́n á ti rẹ ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín elépo pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná á sì ti wà nílẹ̀ kí a tó lọ síléèwé. Kàfáyà ń jẹun nílé wa ju ilé wọn lọ. Màámi padà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun tán, wọ́n tún sanra, a sì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìnkùlé bí ti ọmọdé. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, a kì í gbọ́ ìrìn mọ́ nínú pálọ̀. Inú mi dùn lọ́dún náà ju ọdún èyíkéyìí tí mo lè rántí lọ.

Ọyẹ́ wá dé. Bàámi dúró dè é bí ẹni ń dúró de àlejò. Láàárọ̀ tí ètè wa ń bó, tí eyín wa ń gbá ara wọn, wọ́n á fọwọ́ gbá táyà, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ó ń gbádùn." Ohun tí a gbàgbé ni ọ̀sán. Ọ̀sán ọyẹ́ ní Ìkìrun, oòrùn á mú ọ̀dà títì títí á fi máa lẹ̀ mọ́ bàtà, ojoojúmọ́ sì ni bàámi ń gba orí rẹ̀ lọ sí Ìnísà, tí wọ́n sì ń bọ̀. Eyín táyà tó ń gbé ìka mi mì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kí àjọ̀dún Kérésì tó dé, ara rẹ̀ ti dán. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, okùn inú rẹ̀ ti ń yọjú síta. Bàámi tú méjèèjì sílẹ̀, wọ́n fi tì sídìí máńgòrò, wọn ò sì sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Bàbá Kàfáyà gbé táyà kan kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n pè wá kí a wá wo bí ó ti fúyẹ́ sí láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ìyókù rẹ̀ wà lójú títì Ìnísà, kí Tíṣà lọ fi ìgbálẹ̀ kó o. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí táyà yìí, ṣé Màmá ì bá wà níbí?"

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé orí sókè. "Tíṣà, ta ló ní kí o gbé ọkọ̀ wá?"

Bàámi ní ṣebí Màmá ni wọ́n ránṣẹ́ pé àfi kí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà àwọn.

"Èmi ò dárúkọ ọkọ̀," ni Màmá wí. "Mo ní ọjọ́ tí ìwọ bá dé ẹnu ọ̀nà mi. Ṣé kí n dá ẹrù mi rù wọ ilé àna ni, kí wọ́n ní ebi ló lé mi tẹ̀ lé ọmọ? Àna ló yẹ kó wá mú mi. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ rì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ké. Bí o bá fẹsẹ̀ sọdá sọ́dọ̀ mi, bí Bọ́lá ṣe sọdá, tí o ní 'Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ,' ọjọ́ náà ni ǹ bá tẹ̀ lé ọ. Àwọn ọmọ abà ì bá fi alùpùpù wọn gbé mi sọdá. Ẹrù mi ti wà ní dídì. Bi Bọ́lá."

Gbogbo wọn yí ojú sí mi, mo sì mi orí. Òṣùwọ̀n ń yí pẹ̀lú táyà lórí rẹ̀. Màámi fi etí ìró bo ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Bàámi dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá nínú iyẹ̀pẹ̀ ọyẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò iléèwé wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Màmá ní kí wọ́n dìde, pé ẹ̀wà àwọn ń gba iyẹ̀pẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàámi fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ń ṣàìsàn nísàlẹ̀ ìlú. Màámi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n fi kọ́ padà sára ògiri, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ.